Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ Ìgbẹ̀yìn Ayé ní Ilé Ìtọ́jú Àgbàlagbà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ìgbẹ̀yìn ayé ni ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú àgbàlagbà máa ń bá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sọ lórí bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ọjọ́ ìkẹyìn wọn rí: ibi tí wọ́n fẹ́ kú sí, ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ àti èyí tí wọn ò fẹ́, ẹni tí wọ́n fẹ́ kó wà nítòsí, bóyá kí wọ́n sin òkú wọn ni tàbí kí wọ́n sun ún. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún tó ń kú ló ń kú sí irú ilé bẹ́ẹ̀. Dókítà kì í gbé ibẹ̀. Ó ń wá, ó ń lọ ni. Ẹni tó ń gbé tíì fún ìyá àgbà láàárọ̀, tó ń bá bàbá wọ ìbọ̀sẹ̀, ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn wọn.

Cicely Saunders, tó dá St Christopher's Hospice sílẹ̀ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1967, ló fi han ayé pé ẹni tó ń kú lọ kò gbọ́dọ̀ máa jẹ̀rora, àti pé a lè bá a sọ òótọ́. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn alárùn jẹjẹrẹ ló ń jàǹfààní iṣẹ́ náà jù. Lọ́dún 2000, dókítà kan, Keri Thomas, bẹ̀rẹ̀ ètò Gold Standards Framework láàárín àwọn dókítà àdúgbò. Ní 2004 ètò náà wọ ilé ìtọ́jú. Ìbéèrè kan wà tí ètò náà ń lò: bí ẹni yìí bá kú láàárín ọdún kan sí i, ṣé yóò yà ọ́ lẹ́nu? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, àsìkò ti tó láti bá a jókòó.

Òfin tó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ni Mental Capacity Act ti ọdún 2005, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007 ní England àti Wales. Òfin yìí ní kí a gbà pé àgbàlagbà lè pinnu fúnra rẹ̀ títí ẹ̀rí yóò fi hàn pé kò lè ṣe é, àti pé ìpinnu tí kò bọ́gbọ́n mu lójú ẹlòmíràn kì í ṣe ẹ̀rí. Ibi tó máa ń ya ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́nu nìyí: dáwódù pàápàá kò láṣẹ láti pinnu ìtọ́jú fún ìyá rẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ ọmọ. Ẹni tí ìyá náà fúnra rẹ̀ yàn nínú ìwé Lasting Power of Attorney tó jẹ mọ́ ìlera, tí wọ́n sì ti fi orúkọ ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ló ní àṣẹ yẹn, ìgbà tí ìyá kò bá sì lè pinnu mọ́ ni àṣẹ náà ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ dá ẹ̀mí òun dúró lè kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí tóun náà yóò fọwọ́ sí i, kí ó sì sọ ọ́ kedere pé ibẹ̀ lòun dúró sí bí ẹ̀mí òun tilẹ̀ wà nínú ewu. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá bófin mu, tó sì kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, kò sí dókítà tó lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ìwé tó ti dá wàhálà sílẹ̀ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní DNACPR, tó ní kí wọ́n má tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti fi jí i. Ohun kan ṣoṣo tó kà léèwọ̀ nìyẹn. Oògùn, oúnjẹ àti ìtọ́jú yòókù ń bá a lọ, bí àwọn kan tilẹ̀ ń kà á bí ẹni pé wọ́n ti pa aláìsàn tì. Ní 2014, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dájọ́ pé kò tọ́ kí dókítà fi ìwé náà sínú fáìlì aláìsàn láìbá a sọ ọ́. Síbẹ̀, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ní 2020, ẹ̀sùn jáde pé wọ́n fi í lé àwọn ará ilé ìtọ́jú kan lórí lápapọ̀. Àjọ tó ń ṣàbẹ̀wò ilé ìtọ́jú, CQC, wádìí rẹ̀, ó sì gbé àbọ̀ jáde ní oṣù kẹta ọdún 2021: àwọn kan wà tí wọn ò bá sọ ọ̀rọ̀ náà rárá. Ìwé tí kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lè ba àwọn ará ilé ìtọ́jú lẹ́rù ju ikú lọ.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Àgbàlagbà fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń ṣí i. Ó lè sọ níbi tí wọ́n ti ń ya irun rẹ̀ pé, “Mi ò rò pé ojú mi á rí Kérésì tó ń bọ̀.” Èsì tó máa ń yá lẹ́nu wa ni, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ ó pẹ́ fún wa.” Àdúrà rere ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń kọ́ òṣìṣẹ́ ni kí ó béèrè pé, “Kí ló mú yín ronú bẹ́ẹ̀?” kí ó wá dákẹ́. Dídákẹ́ yìí ló le jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n tún ń kọ́ wọn pé kí wọ́n wo ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bóyá ó wà létí, kí wọ́n má sọ ọ́ ní yàrá oúnjẹ, kí wọ́n pe ikú ní ikú bí àgbà náà bá ti pè é bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má sì fi dandan mú ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tí àrùn ìgbàgbé ń mú bọ̀, kí wọ́n tètè bá a sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀, àwòrán lè ràn án lọ́wọ́.

Láti oṣù kejì ọdún 2022 tí ìjọba ti ṣí ọ̀nà físà fún iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà títí di oṣù keje ọdún 2025 tí wọ́n tì í fún ẹni tuntun láti òkè òkun, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó gba ibẹ̀ wọlé pọ̀. Èèwọ̀ ọ̀rọ̀ ikú tí a kó láti ilé kì í bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rántí bí àgbà ilé ṣe ń kó ọmọ jọ yí ibùsùn rẹ̀ ká, tó ń sọ ibi tí wọ́n máa sin òun sí àti ẹni tí wọ́n máa bá òun tọ́jú, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa.

Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ bá gbọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì fi í síbi tí òṣìṣẹ́ alẹ́ lè rí i. Àìmọ̀ ibi tí ìwé wà ló ń mú kí wọ́n pe ọkọ̀ áńbúláǹsì lóru fún ẹni tó ti sọ pé yàrá òun lòun fẹ́ kú sí. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn àgbà ń béèrè kò tilẹ̀ nílò dókítà: kí fèrèsé ṣí, kí rédíò máa sọ̀rọ̀, kí àlùfáà wá, kí wọ́n má pe ọmọ kan báyìí. Ní àwọn ilé kan, ẹnu ọ̀nà iwájú ni wọ́n ń gbé òkú gbà jáde, gbogbo òṣìṣẹ́ a sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títí ọkọ̀ yóò fi gbéra.