Bùrùkùtù: Ọtí Ọkà Bàbà ti Àárín Gbùngbùn Nàìjíríà

Bùrùkùtù jẹ́ ọtí ìbílẹ̀ tí a fi ọkà bàbà pọn, tó gbajúmọ̀ ní ìpínlẹ̀ Plateau àti Benue. Àwọn obìnrin ló sábà máa ń pọn ọ́n. Wọn a rẹ ọkà sómi, wọn a jẹ́ kó hù, wọn a sá a, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a pò ó mọ́ omi kó lè kan, wọn a sì sè é. Ọtí náà kì í pẹ́ bàjẹ́. Nítorí náà, ńṣe ni àwọn ènìyàn máa ń péjọ mu ún nínú igbá, níbi ọ̀wẹ̀ oko, ìgbéyàwó àti ìsìnkú.

Ní 1949, Nigerian Breweries gbé bíà Star jáde ní Èkó. Ọkà bálì ilẹ̀ òkèèrè ni àwọn ilé iṣẹ́ bíà gbára lé, títí ìjọba fi fòfin de kíkó o wọlé ní 1988. Wọ́n wá yíjú sí ọkà bàbà. Ohun tí àwọn obìnrin abúlé ti mọ̀ tipẹ́ ló wá di ọ̀nà àbáyọ fún wọn. Síbẹ̀, bùrùkùtù kò kásẹ̀ nílẹ̀: owó rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń rán ọmọ nílé ìwé.