Adójútòfò tó fẹ́ sá lẹ́yìn ìjì: ìtàn Florida, 1992

1/ Ẹ bá mi kálọ. Ẹ ti ń san owó adójútòfò ilé yín láti ọjọ́ pípẹ́. Ìjì ká òrùlé lọ, ẹ gba owó òfò, ẹ tún ilé ṣe. Ọdún yí po, lẹ́tà dé: "A ò bá yín ṣe mọ́." Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ onílé ní Florida. 🧵

2/ Àárọ̀ kùtù, ọjọ́ 24 oṣù August 1992, ìjì Andrew já wọ agbègbè Homestead, ní gúúsù Miami. Ó wó ilé tó lé ní 25,000 kanlẹ̀, ó sì ba bíi 100,000 mìíràn jẹ́.

3/ Ó ti pẹ́ gan-an tí irú ìjì bẹ́ẹ̀ ti jà níbẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ń gba owó kékeré, wọ́n ń kó oníbàárà jọ. Nígbà tí òfò dé, owó tí wọ́n máa san lé ní bílíọ̀nù 15 dọ́là. Iléeṣẹ́ 11 kógbá sílé.

4/ Ibi tó dùn mí jù rèé. Àwọn ńláńlá tí kò kú fẹ́ já àwọn onílé sílẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó gba owó òfò nìkan o! Ẹni tí ìjì ò kàn rárá náà wà níbẹ̀, torí àdúgbò tó ń gbé. Bẹ́ẹ̀ báńkì kì í yáni lówó ra ilé tí kò ní adójútòfò. Lọ́dún 1993, ìjọba ṣòfin láti dín iye ẹni tí wọ́n lè já sílẹ̀ kù.

5/ Ìjọba tún dá ẹgbẹ́ adójútòfò kan sílẹ̀ fún ẹni tí gbogbo iléeṣẹ́ kọ̀. Kó tó di òpin 1996, ilé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti lé ní 800,000. Lọ́dún 2002, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ òmíràn, ó di Citizens. Ó ṣì wà dòní.

6/ Mo fi í wé èésú. Nínú èésú, ẹni tó ti kó owó la máa ń ṣọ́, kó má bàa sá. Ti adójútòfò yàtọ̀: ẹ kó owó tán, òun ló fẹ́ sá. Kí ló dé? Ọdún kan ni ìlérí rẹ̀. Bọ́dún bá ti parí, ohun tó tún lè ṣẹlẹ̀ ló ń wò.

7/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé l'Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ o. Àkọsílẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ CLUE. Owó òfò tẹ́ ẹ bá bèèrè lè wà níbẹ̀ fún ọdún méje, ó sì ń tẹ̀ lé ilé náà bó ṣe ń tẹ̀ lé yín. Ẹ lè gba tiyín lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ilé, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi tirẹ̀ hàn yín.

8/ Tí wọ́n bá ti já yín sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àlàfo wà kẹ́ ẹ tó rí òmíràn. Ẹ tọ́jú rìsíìtì àti fọ́tò àtúnṣe. Ní Florida, òfin ní kí wọ́n dín owó kù fún ilé tí òrùlé rẹ̀ lè dúró de ìjì.

9/ A ò lè pa òfò àná rẹ́. Àmọ́ a lè fi hàn pé a ti dí ibi tó gbà wọlé. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín tó ń wá ilé rà. 🙏🏾