Kẹ̀kẹ́ àti Ọ̀nà Àpatì

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìtàn ìrìn àjò, ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ òfuurufú ni a sábà máa ń dárúkọ. A kì í sábà rántí kẹ̀kẹ́ ológeere, bóyá nítorí pé ojoojúmọ́ ni a ń rí i, ohun tí ènìyàn sì ń rí lójoojúmọ́ kì í jọ ọ́ lójú. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ṣe iṣẹ́ kan tí àwọn ọkọ̀ ńlá wọ̀nyí kò ṣe. Ó padà sí ojú ọ̀nà tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ̀ sílẹ̀, ó sì mú kí ẹsẹ̀ èrò tún máa gba ibẹ̀ kọjá. Bí èyí ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a fẹ́ sọ, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ọ̀nà kan kọjá lẹ́bàá ilé rẹ̀.

Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, kẹ̀kẹ́ ńlá tí ẹṣin ń fà ni ó ń gbé èrò láti ìlú dé ìlú ní ilẹ̀ náà. Ní ẹ̀bá ọ̀nà wọnnì ni ilé èrò wà, níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹṣin tí ó ti rẹ̀, tí àwọn arìnrìn-àjò sì ń jẹun tí wọ́n ń sùn. Alágbẹ̀dẹ ń rí ṣe, ẹni tí ń ta koríko ẹṣin ń rí ṣe, ìròyìn ayé sì ń dé etí àwọn ará abúlé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1830 a ṣí ọ̀nà irin láti Liverpool dé Manchester, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1850, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ilẹ̀ náà. Èrò kọ ẹ̀yìn sí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin. Ọ̀pọ̀ ilé èrò ti ilẹ̀kùn wọn, koríko sì hù ní ojú ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rìn tẹ́lẹ̀. Abúlé tí ọkọ̀ ojú irin kò yà sí wá dà bí ẹni tí ayé gbàgbé.

Ní àkókò yìí ni kẹ̀kẹ́ ń dàgbà díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1817, Karl von Drais, ará Jámánì, gun ẹ̀rọ onígi ẹlẹ́sẹ̀ méjì jáde ní ìlú Mannheim. Ẹ̀rọ náà kò ní ohun ìfẹsẹ̀tẹ̀ kankan. Ṣe ni ó ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ bí ẹni tí ń sáré lórí ìjókòó. Ní Paris, láàárín ọdún 1860 sí 1870, wọ́n fi ohun ìfẹsẹ̀tẹ̀ sí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kẹ̀kẹ́ gíga dé, èyí tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ lè ga dé àyà àgbàlagbà, tí ó sì jẹ́ pé bí ó bá kọ òkúta, orí ni ẹni tí ó gùn ún yóò fi kọ́kọ́ balẹ̀.

Síbẹ̀, orí kẹ̀kẹ́ eléwu yìí ni àwọn kan gùn lọ wo ìgbèríko. Ní ọdún 1878, ní ìlú Harrogate, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Stanley Cotterell pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ rin ìrìn àjò. Ní ọdún 1883 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Cyclists' Touring Club. Wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Wọ́n yan aṣojú sí àwọn ìlú láti máa tọ́ àlejò sọ́nà. Wọ́n bá àwọn oní-ilé-èrò ṣe àdéhùn lórí owó oúnjẹ àti ti ibùsùn, wọ́n sì kan àmì ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ oníyẹ̀ẹ́ mọ́ ara ilé tí ó bá yẹ, kí ẹni tí ilẹ̀ ṣú bá lè mọ ibi tí yóò wọ̀ sí. Ní orí òkè tí ó ga gọnbu, pátákó ìkìlọ̀ ni wọ́n gbé síbẹ̀. Báyìí ni iná tún ń jó nínú ilé ìdáná tí ó ti tutù láti ọdún pípẹ́.

Ìmọ̀ tuntun méjì ni ó wá sọ ìrìn yìí di ti gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 1885, John Kemp Starley ti ìlú Coventry ṣe kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ní ọdún 1888, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran ní Belfast, gba ìwé àṣẹ fún táyà tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, èyí tí ó kọ́kọ́ ṣe fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kò gbo egungun mọ́, àwọn obìnrin pẹ̀lú sì lè gùn ún ní ìrọ̀rùn. Ní ọdún 1899, iye ọmọ ẹgbẹ́ tí a sọ lókè yìí ju 60,000 lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo ilẹ̀kùn ni ó ṣí sílẹ̀ fún wọn. Ní ọdún 1898, Lady Harberton, ìyàwó ìjòyè, gun kẹ̀kẹ́ dé ilé èrò kan ní abúlé Ockham ní Surrey. Ṣòkòtò gbòòrò ni ó wọ̀, kí aṣọ gígùn má baà há sínú kẹ̀kẹ́. Obìnrin tí ó ni ilé náà kọ̀ láti jẹ́ kí ó jókòó ní yàrá oúnjẹ pẹ̀lú àwọn yòókù. Yàrá ọtí ni ó ní kí ó lọ. Ẹgbẹ́ náà gbé ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ ní ọdún 1899, wọ́n sì dá oní-ilé-èrò láre. Wọ́n pàdánù ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin kò tìtorí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

Nípa ti ojú ọ̀nà, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní ọdún 1886 láti máa bẹ ìjọba kí a tún ọ̀nà ṣe. Ní ọdún 1888, òfin gbà pé ọkọ̀ ni kẹ̀kẹ́, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí ojú pópó. Ọ̀nà wá dára, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà mọ́tò dé. Ẹni tí ó jà fún ọ̀nà ni eruku mọ́tò wá bò mọ́lẹ̀. Àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kò tìtorí èyí padà sílé. Wọ́n yà sí àwọn ọ̀nà tóóró tí ó gba àárín oko kọjá, níbi tí igi ọgbà wà ní ọ̀tún àti ní òsì, tí a sì ń gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì kí a tó rí abúlé. Ìrìn kẹ̀kẹ́ yá ju ti ẹlẹ́sẹ̀ lọ, síbẹ̀ kò yá débi tí a kò fi ní lè kí ẹni tí a bá pàdé.

Olùkọ́ ilé ìwé kan ni ó yanjú ọ̀ràn ibùsùn fún àwọn tálákà. Richard Schirrmann, ará Jámánì, kó àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ rin ìrìn àjò ní ọdún 1909, òjò líle sì ká wọn mọ́ ọ̀nà. Ilé ìwé abúlé kan ni wọ́n sùn. Níbẹ̀ ni èrò ilé ìsinmi fún àwọn ọ̀dọ́ ti sọ sí i lọ́kàn, ó sì ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ààfin Altena ní ọdún 1912. Ní ọdún 1930 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àṣà náà. Ṣílè kan péré ni ọ̀dọ́ fi ń sun òru kan.

Ní ọdún 1963 ọ̀rọ̀ yí padà. Ìwé kan tí Richard Beeching kọ fún ìjọba dámọ̀ràn pé kí a pa ọ̀pọ̀ ọ̀nà irin tì, nítorí pé wọn kò pa owó wọlé mọ́. Ọkọ̀ ojú irin tí ó sọ ọ̀nà ẹṣin di àpatì, òun pẹ̀lú wá fi ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀ fún koríko. Ta ni ó tún lọ gbà á? Kẹ̀kẹ́ ni. Láti ọdún 1979 dé 1986, àwọn olùfẹ́ kẹ̀kẹ́ ní Bristol sọ ọ̀nà irin àtijọ́ tí ó lọ sí Bath di ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ibùsọ̀ 13, ọwọ́ àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni sì wà nínú iṣẹ́ náà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti katikíìsì ni ó ti fi kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà oko dé abúlé tí mọ́tò kò dé, tí wọ́n so ìwé àti Bíbélì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwa tí a jogún iṣẹ́ wọn kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀nà a máa ṣí fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ni ó ro ó, ẹnìkan ni ó bẹ̀bẹ̀ fún un, ẹnìkan sì gba àlejò ní ẹ̀bá rẹ̀. Bí ọ̀nà abúlé kan bá di igbó, kì í ṣe ọ̀nà ni ó kú. Àwa tí ó yẹ kí á rìn ín ni a kò rìn ín mọ́.