Orúkọ àti Ìnagijẹ nínú Eré Aláwàdà

Ìnagijẹ ni orúkọ tí ojúgbà, ará ilé tàbí ará àdúgbò fi ń pe ènìyàn, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Nínú eré orí ìtàgé Yorùbá, pàápàá eré aláwàdà, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ pa òǹwòran lẹ́rìn-ín, kí òṣèré tó la ẹnu. Ìwọ̀-oòrùn Èkìtì kó ipa ńlá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òkè-Mẹ̀sí, ní ìjọba ìbílẹ̀ tí Aràmọkọ jẹ́ olú-ìlú fún, ló bí òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá (1925–1973), òun náà ló bí òṣèré Jímọ̀ Àlíù tó kú ní 2020. Ibẹ̀ náà ni Fábùnmi, akọni ogun Kírìjí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ti wá. Ogun ọ̀hún pàápàá, ìnagijẹ ló ń jẹ́: ìró àgbá ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ó jọ pé ilé ọkọ ni àwọn aláwàdà ti kọ́ iṣẹ́ ìnagijẹ sísọ. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ọkọ ni gbogbo wọn jẹ́ sí i, àtèyí tó ń rákòrò. Á wo kálukú láwòfín, á sì fún un ní tirẹ̀: ẹni tó dúdú di Adúmáadán, ẹni tó pupa di Apọ́nbéporẹ́, èyí tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ di Òpéléńgẹ́, ọmọdé tó ń gbé síléètì kiri di Akọ̀wé. Ìyìn ni, kò sẹ́ni tó lè sọ pé èébú ni. Àmọ́ bí ìyàwó bá fa ohùn díẹ̀ nígbà tó ń pe Akọ̀wé tó gba òdo, gbogbo agbo ilé á rẹ́rìn-ín, Akọ̀wé ò sì ní rí ẹjọ́ kankan rò.

Nínú gbogbo orúkọ orí ìtàgé, Láńkẹ́ ni mo gbà pé wọ́n fi ọgbọ́n sọ jù. Nínú The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutùọlá kọ (1952), ọkùnrin ọ̀mùtí náà ń fọ́nnu kiri pé òun ni bàbá àwọn òrìṣà, tó lè ṣe ohun gbogbo láyé yìí. Irú orúkọ gàgàrà bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ lágbo awàdà; Plautus ará Róòmù àtijọ́ pe ọ̀gágun afọ́nnu kan ní Pyrgopolynices, àfi kéèyàn mí kó tó lè pè é tán. Nígbà tí Ògúnmọ́lá sọ ìwé Tutùọlá di eré olórin ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, ó bọ́ agbádá orúkọ yẹn sọ nù, ó pe ọkùnrin náà ní Láńkẹ́ Ọ̀mùtí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe é. Kíkẹ́ ló wà nínú orúkọ náà. Bàbá tó fún ọmọ ní oko tó ní 560,000 igi ọ̀pẹ, tó tún gba adẹ́mu tì í, torí pé ọmọ ò mọṣẹ́ kan ju ẹmu mímu lọ, kí ló kù tí kò fi kẹ́ ẹ? Láńkẹ́ ni ẹjọ́ bàbá, Ọ̀mùtí ni ẹjọ́ ọmọ.

Jímọ̀ Àlíù kì í ṣe aláwàdà pọ́ńbélé. Oògùn àti ọfọ̀ ló kún inú Àrélù, Yánpọnyánrin àti Fọ́pomọ́yọ̀, àwọn eré tẹlifísọ̀n rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo orúkọ. Ẹni tó ń jẹ́ Jímọ̀, orúkọ mùsùlùmí, ni gbogbo ayé ń pè ní Àwòrò, oyè olórí àwọn abọrìṣà. Nínú Àrélù ni Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú ti di Òrìṣàbùnmi títí ọlọ́jọ́ fi dé. Inú rẹ̀ náà ni Òjó Arówóṣafẹ́ ti di Fádèyí Olóró. Arówóṣafẹ́! Orúkọ tí aláwàdà ì bá wá kiri, ẹni tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé ló ń jẹ́ ẹ nílé.

Sóyinká, òǹkọ̀wé eré, náà fi orúkọ ṣeré nínú eré rẹ̀ kan ní 1960: ó pe wòlíì ẹlẹ́tàn etí òkun Èkó ní Jero, ìyẹn Jeroboam, ọba tó mú Ísírẹ́lì dẹ́ṣẹ̀. 

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó bá Ẹ̀fọ̀n àti Òkè-Mẹ̀sí pààlà, orúkọ ọmọ ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ (ó kú ní 2018) fi pa wá lẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá pe ènìyàn ní bàbá lágbájá, ọ̀wọ̀ ló yẹ kó tẹ̀ lé e. Ẹni tó jáde nígbà tí wọ́n pe Bàbá Sàlá wá so aago ńlá kọ́rùn, ó fi awò gbàràmù sójú, ahun ni, alágbèrè ni. Babátúndé Omídínà náà gba ọ̀nà yìí nígbà tó di Bàbá Sùwé. Lẹ́nu àwọn òǹwòran, Sàlá ti di ọmọ gidi, bí wọn ò tilẹ̀ rí i rí. Nígbà tó yá, Emmanuel Adéjùmọ̀, ọmọ bíbí inú Moses Ọláìyá, bá wọn wọṣẹ́ awàdà, ó sì ń jẹ́ Bọ́ìsàlá.