Láti Èkó Àtijọ́ dé Malu Road: Ìtàn Àwọn Ilé Ìwòsàn tí Kì í Ṣe ti Ìjọba

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé ọdọọdún wa ní kí n kọ ìtàn kan sílẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé ìtàn oyè tàbí ti ogun ni wọ́n ń fẹ́, nítorí irú èyí ni ó sábà máa ń kún ojú ewé wa. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà tí a ti ń fà mọ́ ara wa lọ́wọ́ nínú ìpàdé, èyíinì ni ọ̀ràn ilé ìwòsàn tí àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ́ sí ìlú. Àwọn kan ní iṣẹ́ ìjọba ni ìwòsàn, kí a má ṣe gba iṣẹ́ ìjọba ṣe. Àwọn mìíràn ní ìjọba ti fi wá sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ìhà méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àná ni ọ̀ràn yìí bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àná, nítorí náà ni mo ṣe mú un ṣe ìtàn tèmi.

Ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀ ni Malu Road, nítorí kò sí ibi tí ọ̀ràn náà ti hàn kedere sí ojú mi tó ibẹ̀, púpọ̀ nínú àwa tí a wá ṣiṣẹ́ ní wáàfù ni a sì gbé ní àdúgbò náà. Ọ̀nà yìí ni ó so Àpápá mọ́ Ajégúnlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò fẹ́ ìtumọ̀ lọ́dọ̀ Yorùbá. Ní ìhà kan, èbúté ọkọ̀ òkun wà níbẹ̀, àti ilé iṣẹ́ ńláńlá, àti ilé àwọn ọlọ́lá tí ó ní ọgbà yíká. Ní ìhà kejì, Ajégúnlẹ̀ ni, níbi tí Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ìgbò, Ùrhòbò àti Haúsá ti ń gbé inú àgbàlá kan náà. Ẹni tí ó ru ẹrù ní Àpápá ní ọ̀sán, Ajégúnlẹ̀ ni ó ń padà sí ní alẹ́. Èmi a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ibi tí ajé gúnlẹ̀ sí àti ibi tí ó ń sùn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Bí ara kò bá yá ènìyàn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yìí, ta ni ó ń tọ̀ lọ? Ilé ìwòsàn ìjọba wà, Ajeromi General Hospital, gbogbo ènìyàn ni ó sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó dé ibẹ̀, yóò ti kọjá lára ìyá alágbo tí ó to ìgò rẹ̀ sórí tábìlì, yóò ti kọjá lára ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, àti ilé agbẹ̀bí, àti ilé alájà kan tí dókítà ti sọ àwọn yàrá rẹ̀ di ilé ìwòsàn, tí a sì kun àgbélébùú pupa sí ara ògiri rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n wà lójúfò nígbà tí ibà bá dé lóru. Àwọn aládàáni ni gbogbo wọn, kò sí èyí tí ìjọba ń san owó oṣù fún. Bí a bá sì ṣe ìṣirò gbogbo owó tí ó ń lọ sórí ìlera ní Nàìjíríà, ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ tí ó ń ti àpò aláìsàn fúnra rẹ̀ jáde.

Báwo ni ó ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn sí ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Àwọn ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́ tí ó kàwé gba oyè dókítà, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn tí a gbà kúrò lóko ẹrú tí wọ́n tẹ̀dó sí Sàró. Wọ́n kàwé ní Edinburgh àti ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ẹ̀rí wọn sì dọ́gba pẹ̀lú ti òyìnbó. Nígbà tí wọ́n dé Èkó, ìjọba gbà wọ́n síṣẹ́, ṣùgbọ́n owó oṣù wọn kò tó ti òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Dókítà John Randle, tí a bí ní Sàró ní 1855, kò lè fara mọ́ ìrẹ́jẹ yìí. Òun àti ìjọba tú ká, ó sì ń dá tirẹ̀ ṣe ní Èkó títí ó fi di ọlọ́rọ̀. Dókítà Obadiah Johnson náà fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, òun kan náà tí ó tún ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Samuel Johnson kọ tò lẹ́yìn tí èyí àkọ́kọ́ sọnù, tí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. (Gbogbo wa tí a ń kọ ìtàn ìlú sínú ìwé yìí ni a jẹ dókítà náà ní gbèsè, bí a kò tilẹ̀ gba egbòogi kankan lọ́wọ́ rẹ̀.) Ní 1902 ni ìjọba wá ti ilẹ̀kùn pátápátá. Wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, wọ́n sì ṣe é ní òfin pé ẹni tí òbí rẹ̀ bá jẹ́ òyìnbó nìkan ni ó lè wọ inú rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wo èyí. A sábà máa ń sọ pé ìfẹ́ owó ni ó bí ilé ìwòsàn aládàáni. Owó wà níbẹ̀, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n ní Èkó wa yìí, ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ara wà lára ohun tí ó bí i. Dókítà dúdú tí kò fẹ́ jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn fún ọmọ òyìnbó tí ó kéré sí i kò ní ibòmíràn láti lọ ju yàrá tirẹ̀ lọ. Ohun mìíràn sì tẹ̀lé e. Nítorí pé kì í ṣe ìjọba ni ó ń bọ́ wọn, ẹnu wọn tú. Randle àti Dókítà Ọ̀rìṣàdípẹ̀ Ọbasá ni wọ́n dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní 1908 láti tako owó omi tí ìjọba fẹ́ bù lé àwọn ará Èkó. Ní 1934, nígbà tí a dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀, dókítà tí ó ń dá tirẹ̀ ṣe ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́, James Churchwill Vaughan. Ọkùnrin yìí a máa tọ́jú àwọn tálákà ní ilé ìwòsàn rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ó kú ní 1937, kò tíì pé ẹni ọdún márùn-dín-láàádọ́ta.

Ṣùgbọ́n Vaughan kan kò lè wo gbogbo Èkó sàn. Àwọn oníṣòwò àti àwọn lọ́yà ni wọ́n lè sanwó dókítà nígbà náà. Alágbo ni ó ń tọ́jú ìyókù. Ní òkè wa, àwọn ìjọ Ọlọ́run ni wọ́n ṣe é: àwọn Àgùdà ní Abẹ́òkúta láti 1895, àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1907, àwọn Wẹ́sílì ní Iléṣà láti 1912. Ìyẹn náà kì í ṣe ìjọba.

Nígbà tí ìjọba ara wa dé, ìrètí yí padà. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé tí kò tíì ju ọdún méjìdínlógún lọ. Olóyè Lateef Jákàńdè tún gbé ìtọ́jú ọ̀fẹ́ jáde ní Èkó láàárín 1979 àti 1983. Síbẹ̀ àwọn aládàáni kò parẹ́. Dókítà Adékóyèjọ Májẹ̀kódùnmí, ẹni tí ó ti jẹ́ Mínísítà Ìlera fún gbogbo Nàìjíríà, ni ó dá ilé ìwòsàn St. Nicholas sílẹ̀ ní Èkó ní 1968. Ẹ rò ó wò ná: ẹni tí ó ti di gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba mú rí ni ó lọ kọ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ pààrọ̀ kídìnrín fún aláìsàn ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ní 2000.

Àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1983 ni ó kún Malu Road. Owó epo rọ̀bì já, ìjọba ológun sì gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀ ní 1986. Ní 1987 Báǹkì Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tí ó gba àwọn orílẹ̀-èdè tí ń gòkè àgbà nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa gba owó lọ́wọ́ aláìsàn, kí wọ́n sì fi àyè gba àwọn aládàáni. Ní ọdún náà gan-an ni àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà pàdé ní Bàmákò, tí wọ́n fi ẹnu kò pé kí ará àdúgbò máa dá owó egbòogi. Nílé tiwa, ìwé káàdì di títà, òwú àti ibọ̀wọ́ di ohun tí aláìsàn ń rà wá láti ilé. Dókítà àti nọ́ọ̀sì ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Saudi Arabia. Nọ́ọ̀sì tí ó fẹ̀yìn tì a gba yàrá méjì, a gbé ibùsùn mẹ́ta sí i, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó kúnjú òṣùwọ̀n. Abẹ́rẹ́ ń lọ níbi tí hóró egbòogi yóò ti tó, nítorí aláìsàn gbà pé ẹni tí kò gún òun kò tọ́jú òun.

Ní àkókò kan náà, ní ìhà Àpápá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Emmanuel Elebute àti aya rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, dá ilé iṣẹ́ Hygeia sílẹ̀ ní 1984, wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn Lagoon ní Marine Road ní 1986. Ilé ìwòsàn tí a fi ojú tí a fi ń wo ti òkè òkun wò ni. Kò jìnnà sí Malu Road. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò bá san owó ìtọ́jú fún lè gbé Ajégúnlẹ̀ títí láé kí ó má wọ ibẹ̀. Nígbà tí a bá ń sọ pé "aládàáni", ohun méjì tí ó jìnnà sí ara wọn ni a ń dì pọ̀ sínú orúkọ kan.

Ẹnìkan yóò bi mí pé ṣé àwọn aládàáni ti ṣe ohun kankan tí ó ṣe gbogbo ìlú láǹfààní. Èmi a dáhùn pẹ̀lú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2014. Ní ogúnjọ́ oṣù Keje, ọkùnrin kan láti Làìbéríà, Patrick Sawyer, ṣubú ní pápákọ̀ òfuurufú Èkó. Àwọn dókítà ìjọba wà lórí ìyanṣẹ́lódì ní àkókò náà, nítorí náà First Consultants ní Ọbáléndé ni a gbé e lọ, ilé ìwòsàn aládàáni. Ibà ni a kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ni ó fura pé Ẹ̀bólà ni. Àwọn aṣojú Làìbéríà fi agbára mú un pé kí ó fi ọkùnrin náà sílẹ̀ kí ó lè lọ sí ìpàdé ní Calabar. Ó kọ̀ jálẹ̀. Sawyer kú ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù náà. Dókítà náà kó àrùn, ó sì kú ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹjọ. Ènìyàn ogún ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, nígbà tí ó sì di ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó jẹ́ kí ọkùnrin yẹn jáde, Ajégúnlẹ̀ tí ìdílé kan ń gbé inú yàrá kan, báwo ni ì bá ti rí?

Ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà ṣe mí fúnra mi, n kò sì ní fi pa mọ́. Ní 2013, rọbí mú aya àbúrò mi lóru. A gbé e dé ilé ìwòsàn aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ní kí a kọ́kọ́ san owó àsansílẹ̀ kí a tó gbé e wọlé. Èmi àti àbúrò mi ń kan ilẹ̀kùn kiri àdúgbò, a ń yá owó. Nígbà tí owó pé, ilẹ̀ ti ń mọ́. Ìyá yè, ọmọ kò yè. Lẹ́yìn èyí mo padà lọ bá dókítà náà, mo fẹ́ bá a jà. Ó fi ìwé kan hàn mí tí orúkọ àwọn tí ó tọ́jú tí wọ́n sá lọ láìsanwó kún inú rẹ̀, ó ní epo jẹnẹrétọ̀ òru yẹn, òun ni ó rà á. N kò gba àwáwí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé irọ́ ni ó ń pa.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Òfin Ìlera ti 2014 jáde, tí ó kà á léèwọ̀ fún ilé ìwòsàn èyíkéyìí láti kọ aláìsàn pàjáwìrì. Òfin dára, àmọ́ kò sọ epo jẹnẹrétọ̀ di ọ̀fẹ́. Ohun tí ó ń wo ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ ni ètò adójútòfò ìlera. Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2015, orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí ni Ìlera Èkó. Ènìyàn a san owó rẹ̀ ní ọdọọdún nígbà tí ara ṣì le, ilé ìwòsàn aládàáni sì wà lára àwọn tí ó lè yàn. Ní oṣù Keje 2024, Gómìnà Sanwó-Olú fi ọwọ́ sí àṣẹ tí ó sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo olùgbé Èkó. Ẹ wò ó pẹ̀lú pé kì í ṣe ohun tuntun pátápátá. Láàárín 1990 sí 2000, nígbà tí Amẹ́ríkà kò fẹ́ fi owó lé ìjọba ológun lọ́wọ́, ètò wọn kan tí a ń pè ní BASICS so àwọn ilé ìwòsàn aládàáni pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ní àwọn ibi tí èrò pọ̀ sí ní Èkó, kí wọ́n lè jọ máa gbọ́ ti abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìlera ọmọdé. Amukoko tí ó múlé ti Ajégúnlẹ̀ wà lára wọn.

Nítorí náà, ohun tí èmi ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ìpàdé gbogbogbòò ni pé kí a tó ra bíríkì kan, kí a kọ́kọ́ fi owó ẹgbẹ́ forúkọ àwọn arúgbó, àwọn aboyún àti àwọn ọmọdé wa sílẹ̀ nínú ètò adójútòfò, ní Èkó àti ní ilé. Ilé ìwòsàn aládàáni kan wà ní ìlú wa báyìí tí ibùsùn rẹ̀ ń ṣófo, kì í ṣe nítorí pé ara àwọn ènìyàn yá. Àwọn ará òkè òkun lè má fẹ́ èyí, nítorí kò sí òkúta ìpìlẹ̀ tí a óò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí. Akọ̀wé ti ṣí ìwé fún àwọn tí ó bá fara mọ́ ọn. Orúkọ àbúrò mi àti ti aya rẹ̀ ni ó wà ní òkè.