Àpáàdì Ilé-Ifẹ̀ àti Tábìlì Táìlì Tí À Ń Ṣe Nílé

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, àti níbi gbogbo tí ọmọ Oòduà tẹ̀dó sí.

Ẹni tó bá ti kọ́lé rí mọ̀ pé táìlì kì í tán láìṣẹ́kù. Èyí tó fọ́ lójú ọ̀nà, èyí tí wọ́n gé igun rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo wọn máa ń wà nínú àpò sìmẹ́ǹtì. Àwọn kan nínú wa ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú tábìlì tó ti gbó, ó sì ń wuni. Àmọ́ àwọn ọmọ wa a ní iṣẹ́ Òyìnbó ni. Rárá o.

Láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, àwọn baba wa ní Ilé-Ifẹ̀ ń fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Ìtàn tí àwọn àgbà ń pa ni pé Ọọ̀ni Lúwo, ọba obìnrin, ló pàṣẹ rẹ̀ torí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ ní iṣẹ́ náà pẹ́ ju ìgbà ọba kan ṣoṣo lọ. Lójú tiwa, méjèèjì lè bára mu: ọba lè bẹ̀rẹ̀ nǹkan kí ìlú máa bá a lọ. Láti 1957 ni Frank Willett ti gbẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó, ó sì bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọn ò tẹ́ àpáàdì náà pẹrẹsẹ. Etí ni wọ́n fi nà án ró, wọ́n wá tò ó há mọ́ra ní ìlà-ìlà, nígbà mìíràn kó já síra wọn bí egungun ẹja. Wọ́n a máa fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun sí i láti fi ya ọnà. Láwọn ibòmíràn, ẹ ó rí ọrùn ìkòkò tí wọ́n rì sí àárín, ó sì jọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta nǹkan sílẹ̀ fún òrìṣà. Àpáàdì tí a tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ á fọ́ ọ. Èyí tó dúró lórí etí, ó di kó pẹ́.

Kì í sì í ṣe Ifẹ̀ nìkan o. Nígbà tí Graham Connah gbẹ́ ilẹ̀ ní Daima, ní Borno, nítòsí adágún Chad, láwọn ọdún 1960, ó bá ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́. Nítorí náà, àwa tí a wà lókè níbí, ká má fi iṣẹ́ yìí fọ́nnu lójú àwọn onílẹ̀. Àwọn náà ní in.

Ẹsẹ̀ kì í tẹ tábìlì, ẹ lè tẹ́ táìlì yín pẹrẹsẹ. Ẹ kọ́kọ́ tò ó ní gbígbẹ títí ọnà rẹ̀ á fi wù yín, kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Bó bá ti gan, ẹ fi sìmẹ́ǹtì funfun dí àárín rẹ̀, kẹ́ ẹ fi fóòmù tútù nù ún. Ọyẹ́ ibí yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ tilé: ẹ fi àpò tútù bò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gbẹ kíákíá, á sì sán.

Ohun tó ń dùn wá gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti kọ́lé. Ní Ifẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé àti ojú títì ni wọ́n ti fọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilẹ̀ àpáàdì yìí dànù. Bíríkìlà kò mọ̀, onílé kò sí nítòsí. Bẹ́ ẹ bá ní ilẹ̀ níbẹ̀, ẹ pe bíríkìlà yín lórí fóònù kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé bí ṣọ́bìrì bá kan àpáàdì tó tò ní ìlà, kó dúró, kó ya fọ́tò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ránṣẹ́ sí mùsíọ́mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni.