Ilé ìwé dọ̀fẹ́, tíṣà ńkọ́?

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó. A máa ń fọ́nnu pé kò sí ilé kan l'Ékìtì tí ò ní pùròfẹ́sọ̀. Ó dáa. Àwọn tí ilé ìwé já jù sílẹ̀ ńkọ́?

2/ Ọdún 1933 ni wọ́n dá Ekiti Central School sílẹ̀ l'Ádó, èyí tó padà di Christ's School. Archdeacon Henry Dallimore ló ṣáájú. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì ti ń ka Standard Five àti Six. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ súnmọ́ Adó. Ti ọmọ Ìsẹ̀ àti Emùré jìn, owó ilé ìwé sì tún wà ńlẹ̀.

3/ January 17, 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dọ̀fẹ́ ní Western Region. S. O. Awokoya ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Lọ́dún 1954, ọmọ ilé ìwé jẹ́ bíi 457,000. Lọ́dún 1955, wọ́n lé ní 811,000. Ọdún kan péré o!

4/ Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Èèyàn lè fi oṣù mẹ́ta mọ kíláàsì. Oṣù mẹ́ta ò lè sọ èèyàn di tíṣà. Tíṣà tó kọ́ṣẹ́ ò tó rárá, kíláàsì sì kún. Ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n ni tíṣà ń pè. Àwọn tó kù, pàṣán àti "olódo" ni tiwọn.

5/ Ìyá mi àgbà l'Émùré wà lára àwọn ọmọ 1955 yẹn. Ní kíláàsì kẹta, tíṣà kan ní orí ẹ̀ ò gbàwé. Ó gbà á gbọ́, ó bá wọn lọ sóko. Ìyá yìí kan náà ló ń ṣírò owó kòkó lórí, tí ò fi bírò kan pépà. Ṣé orí tí ò gbàwé nìyẹn?

6/ Ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ dán nǹkan wò ní Modákẹ́kẹ́, ní St. Stephen's "A". Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin lọ. Orí ọmọ ò yàtọ̀. Ohun tí wọ́n fún un ló yàtọ̀.

7/ Ọdún 1976 ni UPE dé gbogbo Nàìjíríà. Lọ́dún 1977, wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ sílẹ̀ n'Íkẹ́rẹ́. Ó ti di yunifásítì báyìí, Bamidele Olumilua ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ṣé àwọn tíṣà tó ń jáde níbẹ̀ ń dé abúlé oko? Èyí tí mo dé lẹ́yìn Ìsẹ̀, tíṣà kan ló ń kọ́ kíláàsì méjì pọ̀.

8/ Tíṣà tó ń kà mí, jọ̀ọ́, kó o tó pe ọmọ ní olódo, kọ́kọ́ wò ó bóyá ó níwèé lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí òbí yín wà ní kíláàsì 1955, kí ni tíṣà sọ fún wọn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo ń kà á.